Ẹ̀jẹ̀ Tí Ẹ̀rọ Kò Lè Tọ́ka Sí

Òórùn ísáàlì tí wọ́n fi ń fọ ilẹ̀ ilé ìwòsàn wa lẹ́bàá Ọ̀sì kò tíì kúrò nímú mi. Yàrá kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìgbẹ̀bí, ibẹ̀ ni wọ́n gbé kọ̀ǹpútà sí, láyé ológun tí kọ̀ǹpútà ṣì jẹ́ ohun ìran. Èmi ni wọ́n rán lọ kọ́ bí a ṣe ń lò ó, mo sì ń gbéra ga bí ẹni tó ra ọkọ̀. Ikán ti jẹ gbogbo káàdì àtijọ́ tí a ń kọ irú ẹ̀jẹ̀ èèyàn sí, ìyẹn gan-an la ṣe yọ̀ mọ́ ẹ̀rọ. Orúkọ gbogbo ẹni tí a ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, láti Ìlọfà dé Araromi-Ọ̀pin, wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú atọ́ka tó ń ṣa àwọn ẹlẹ́jẹ̀ kan náà jọ. O tẹ irú èyí tí o ń wá, yóò mú ọ lọ bá ẹni tó ní in.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyàwó àgbẹ̀ kan bímọ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kọ̀, kò dá. Irú tirẹ̀ ṣọ̀wọ́n, kì í gba òmíràn mọ́ra, dókítà sì ní kò lè dé Ìlọrin láàyè. Mo tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ní kò sí ẹnì kankan. Mo mọ̀ pé irọ́ ni, torí mo ti kọ irú rẹ̀ síbẹ̀ rí, ṣùgbọ́n láàárín èrò tó pọ̀ tó yẹn, ta ni yóò rántí orúkọ? Awakọ̀ wa kò dúró gbọ́ tán. Ó wa ọkọ̀ lọ sí Araromi láti lọ bẹ àwọn ará ìjọ rẹ̀ kí wọ́n wá gba àyẹ̀wò. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ gbogbo àwa tó kù wò, kò bá ti obìnrin náà mu.

Mo pa atọ́ka rẹ́, mo ní kí ẹ̀rọ tún un tò. Ó kó àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn yàtọ̀ wá. Mo tún un tò, ó kó àwọn ẹlòmíràn wá. Orúkọ kò yí padà, ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni kò yí padà. Bí a bá ń to ohun kan náà tó sì ń yàtọ̀ nígbà gbogbo, ara ẹ̀rọ gan-an ni kò yá. Mo fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó gbóná bí ìkòkò ẹ̀kọ. Mo ní kó ka orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan láìlo atọ́ka, ojú rẹ̀ dì, kò lọ mọ́.

Ọkọ obìnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ ẹ̀rọ yẹn. Ọlọ́un á san án fún un yín."

Mo sì bẹ̀ ẹ́, n kò ní purọ́ fún ọ. Mo pa ẹ̀rọ náà, mo ń fi páálí fẹ́ ẹ bí ẹni ń fẹ́ná. Kó tó tutù, nọ́ọ̀sì ti faṣọ bo ojú obìnrin náà. Ọmọ tuntun ń ké. Awakọ̀ wa dé, èrò kún ọkọ̀ fọ́fọ́.

Lẹ́yìn náà ni ẹnìkan tó ń tún ẹ̀rọ ṣe wá láti Ìlọrin. Ó tú u, ó sì fi nǹkan dúdú pẹlẹbẹ kan hàn mí, ibi tí ẹ̀rọ ń gbé ohun tó ń rò lọ́wọ́ sí. Ó ní bí ibẹ̀ bá ti gbóná, ó ń gbàgbé, ìgbàgbé yẹn ló sì ń tò fún mi. Àwọn orúkọ tí a kó pamọ́ pé, ìkankan kò sọnù. Ó kó wọn sínú ẹ̀rọ tirẹ̀, ó to atọ́ka tuntun, mo tẹ irú ẹ̀jẹ̀ obìnrin náà. Orúkọ kan ṣoṣo ló jáde. Awakọ̀ wa ni.

Nígbà tí mo sọ fún un, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. "Èmi? Èmi tí mo wa ọkọ̀ lọ?"

Ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí, torí n kò rí ẹni tí mo lè bínú sí. Àwọn èèyàn a máa pa á lówe pé ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó wà lápò ṣòkòtò, wọn a sì rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, èmi a dìde kúrò níbẹ̀.