Wàláà Tí Mo Fọ̀ ní Ẹ̀pẹ́

Ìkúukùu bo ọ̀sà láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn ní Ẹ̀pẹ́, débi pé èèyàn ń gbọ́ ohùn àwọn apẹja láìrí ọkọ̀ wọn. Ọyẹ́ ti fẹ́ títí ètè mi fi sán. Mo ti di ìyá àgbà báyìí, ṣùgbọ́n tí mo bá rántí àárọ̀ náà, inú ṣì máa ń bí mi.

Ọmọ ilé ìwé ni mí nígbà náà, lọ́dọ̀ àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì ní Ìkòròdú. Olùkọ́ wa yọ̀ǹda mi láti ọjọ́ Ẹtì, ó ní ọjọ́ Ajé gbọ́dọ̀ bá mi lórí ìjókòó. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni mo lọ kí. Ọ̀kan nínú àwọn ará Èkó tí ogun lé wá sí Ẹ̀pẹ́ ló fẹ́ wọn, ìdílé oníkéú ni. Oyún wọn ti wọ oṣù, wọn kò sì ní ẹbí tiwọn kankan nítòsí. Ìyá mi ti ṣèlérí pé tí wọ́n bá bímọ, èmi ni yóò wá máa gbé ọmọ náà pọ̀n. Ìyá ọkọ wọn fẹ́ kọ́kọ́ rí mi, kí wọ́n mọ̀ bóyá mo wúlò.

Ẹ wò ó, mo wúlò. Nígbà tí wọ́n ń kírun àárọ̀, mo gbálẹ̀, mo pọnmi, mo fọ ìkòkò. Mo wá rí wàláà kan tí wọ́n fi ti ògiri, tàdáwà ìkọ̀wé kún ojú rẹ̀. Nílé ìwé wa, ẹni tó bá fi síléètì sílẹ̀ láìnù yóò jẹ pàṣán. Mo ní kí n bá ẹni tó ni ín ṣe é. Mo fi kàn-ìn-kàn-ìn fọ̀ ọ́ títí igi fi mọ́, mo da omi rẹ̀ sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ìyá ọkọ wọlé, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ wọn.

"Ta ló fọ èyí?"

"Èmi ni, Ìyá." Mo tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, mo rò pé wọ́n fẹ́ yìn mí ni.

"Omi rẹ̀ ńkọ́?"

"Mo ti dà á sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀."

"Ẹ gbà mí o! Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló máa bímọ fún wa lọ́dún yìí!"

Àṣé Àfáà àdúgbò ló kọ àdúà síbẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ àná, kí aboyún lè bí tìrọ̀rùn. Wọn yóò fọ̀ ọ́ sínú àwo, aboyún yóò sì mu omi náà. Hàǹtú ni wọ́n ń pè é. Ta ló sọ fún mi? Kò sẹ́nì kan.

"Ìyá rẹ ló rán ẹ, ọmọ kèfèrí! O ò ní gbé ọmọ ilé yìí pọ̀n láéláé."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀?"

"Ṣé o ò lójú ni?"

Mo lójú. Ojú náà ni mo fi rí ìdọ̀tí.

Nígbà tí Àfáà dé, ẹ̀rín pa á. Ó ní, "Ìyá, tàdáwà ò tán, ọwọ́ mi ò sì ro. Màá tún un kọ." Ó tún un kọ, ẹ̀gbọ́n ìyá mi sì mu ún. Ó yẹ kọ́rọ̀ tán níbẹ̀. Rárá o! Wọ́n ní kí n jókòó lórí ẹní lẹ́nu ọ̀nà, kí n má fọwọ́ kan nǹkankan. Igbá omi pàápàá, wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi. Èyí tó dùn mí jù ni ti ẹ̀gbọ́n ìyá mi: wọ́n tẹrí ba, wọ́n ń bó ẹ̀pà lọ bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Èmi tí mo gbálẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́!

Lọ́jọ́ kejì, ọlọ́kọ̀ ti ń pè mí létí omi. Mi ò sunkún, mi ò sì bẹ̀bẹ̀ mọ́. Mo di ẹrù mi, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú ìyá ọkọ.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde, kí ẹ fi gbogbo ohun tí n ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn nílé yìí hàn mí."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Oyún ò ní dúró dè wá. Ta ló tún wà tí yóò gbé ọmọ náà pọ̀n?"

Wọ́n dìde lóòótọ́. A bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà: búútà àlùwàlá, ẹní ìkírun, Kùránì nínú àpò awọ. Ọlọ́kọ̀ ń pariwo, mo jẹ́ kó máa pariwo. Nígbà tí a dé ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo dúró.

"Èyí ńkọ́, Ìyá?"

Wọ́n yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n má baà rí ẹ̀rín wọn. "Máa lọ jàre. Tí mo bá ránṣẹ́, kí o tètè dé."

Wọn ò ní kí n má bínú. Èmi náà ò dúró dè é. Mo gbé ẹrù mi, mo wọ ọkọ̀.