Póstà Tó Sọ Mí Dòkú

Ìgbà tí mo ṣì kéré ní Ìbíadé, tí wọ́n ṣì ń gbé igbá ẹja rù mí lọ sọ́jà, ojú èèyàn kì í dédé wà lára ògiri. Bí ẹ bá rí àwòrán ẹnì kan gbàgàdà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ilé, tó ń wò yín láìrẹ́rìn-ín, tí wọ́n fi ìlà dúdú yí i ká, ẹ ò nílò ìwé kíkà kankan. Onítọ̀hún ti kú. Àwọn ìyá tó ń bọ̀ láti ọjà á dúró, wọ́n á wò ó, wọ́n á mi orí, wọ́n á sì máa bá tiwọn lọ. Èmi náà ti mọ ògiri kà kí n tó mọ a, b, d. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tó ń fi ojú yín síbi gbogbo, ó lè ṣòro fún yín láti gbà mí gbọ́, àmọ́ bó ṣe rí nìyẹn.

Ẹja ni ìyá mi ń tà. Bàbá mi ti kú kí n tó gbọ́njú, èmi nìkan ni ìyá mi bí tó yè. Àmọ́ ẹ má rò pé ó ń kẹ́ mi o. Obìnrin líle ni, kì í sọ̀rọ̀ dídùn. Inú ìjọ Aládùúrà ló ti jẹ́ kí n mọ orin kọ, lójú tiẹ̀, orin ìjọ nìkan ni orin. Nígbà tí mo wá wọ yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè, mo bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan dá ẹgbẹ́ olórin sílẹ̀, a ní gìtá, a ní ìlù, èmi ni mo ń di màíkì mú. Ẹnì kan lọ sọ fún ìyá mi pé òun gbọ́ mi níbi tí mo ti ń kọ orin ìfẹ́. Nígbà tí mo délé, ó ní kí n yan ọ̀kan. Ó ní bó bá jẹ́ orin yẹn ni mo yàn, kí n má gbé e wọ ilé òun, kí èmi náà má sì wá. Mo kó ẹrù mi. Odidi sáà kan ni mi ò fi délé. Olóríkunkun ni mí, ibi tí mo ti rí i mú kò sì jìnnà.

Sáà yẹn náà la ṣe ìwé ìròyìn orin. Olóòtú wa jẹ́ ọmọkùnrin kan láti Ìjẹ̀bú-Igbó, bíi pé rúlà ni wọ́n bí mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ti rí ìwé ìròyìn orin kan tó wá láti òkè òkun, ó wọn gbogbo ojú ìwé rẹ̀, ó sì sọ ohun tó rí níbẹ̀ di òfin fún wa. Orúkọ ìwé gbọ́dọ̀ wà lókè pátápátá, kí lẹ́tà rẹ̀ sanra, kó má sì yí padà láti ẹ̀dà kan sí òmíràn. Ojú ẹnì kan ṣoṣo ni kó wà lára èèpo ìwé, kó tóbi, kó máa wo ẹni tó ń kà á ní ojúkojú. Ọ̀rọ̀ tó ń polówó ohun tó wà nínú, ọwọ́ òsì ni kó wà, torí ẹ̀gbẹ́ yẹn ló máa ń yọ síta tí fẹ́ńdọ̀ tó ń ta ìwé ìròyìn bá tò wọ́n léra. Irú lẹ́tà kò gbọ́dọ̀ ju méjì lọ. A máa ń jiyàn lórí ibi tí nọ́ńbà ojú ìwé yóò wà títí oúnjẹ wa á fi tutù. Kí n má parọ́, ó dùn mọ́ mi. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àwọn kan máa ń jókòó ronú nípa ibi tí ojú yín máa kọ́kọ́ bà sí.

Ojú mi ni wọ́n fi sára ẹ̀dà àkọ́kọ́, torí ọdún yẹn ni mò ń jáde, mo sì fẹ́ bá ẹgbẹ́ wa kọrin fún ìgbà ìkẹyìn. Olóòtú ní kí n má rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn olórin ńlá kì í rẹ́rìn-ín. Ó kọ orúkọ mi sábẹ́ àwòrán náà. Lábẹ́ orúkọ mi, ó kọ ọdún tí mo wọlé ẹ̀kọ́ àti ọdún tí mò ń jáde, ó fa ìlà kékeré sáàárín wọn. Lápá òsì ó kọ ORIN ÌDÁGBÉRE gàdàgbà. Tàdáwà dúdú nìkan lapá wa ká. Ilé ìtẹ̀wé kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó la gbé e lọ, káàdì ìgbéyàwó àti póstà òkú sì ni iṣẹ́ wọn lójoojúmọ́. Onítẹ̀wé wo iṣẹ́ wa, ó ní ó ṣófo jù, ló bá fi ìlà dúdú yí i ká fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ dáadáa.

Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Àwa ò mọ̀. Ìwé òkè òkun ló kún ojú wa. Olóòtú tún ní kí wọ́n tẹ èèpo náà lọ́tọ̀ bíi póstà, a sì lẹ̀ ẹ́ kiri Àgọ́-Ìwòyè, a lẹ̀ ẹ́ ní Òrù níbi tí mọ́tò ti ń kérò. Inú mi dùn débi pé mo ki ẹ̀dà kan bọ inú báàgì, mo ní mò ń lọ sílé lọ́la. Mo rò ó pé bí ìyá mi bá rí ojú mi lára ìwé tí wọ́n tẹ̀, á mọ̀ pé orin mi kì í ṣe ìranù, á sì gbà mí padà sílé. Ohun tí mò ń wá gan-an nìyẹn. Ìwé náà kàn jẹ́ àwáwí ni.

Mi ò mọ̀ pé obìnrin kan tó ń ra ẹja lọ́wọ́ ìyá mi ti gba Òrù kọjá ṣáájú mi. Kò kàwé, àmọ́ ó mọ ògiri kà. Ó rọra ṣí póstà náà kúrò, ó ká a mọ́ inú ìró, ó sì gba Ìbíadé lọ. Ẹ sì mọ ìṣe wa, wọn kì í là á mọ́ ìyá lójú pé ọmọ rẹ ti kú. Wòlíì ìjọ wa ló lọ bá. Wòlíì ránṣẹ́ sí àwọn àgbà ìdílé bàbá mi, wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilé ìyá mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kí i, wọ́n jókòó, wọn ò sọ nǹkan kan. Ìyá mi gbé omi fún wọn. Nígbà tí àga ò tó mọ́, òun jókòó sílẹ̀. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ohunkóhun, torí òun náà ti lọ jókòó bẹ́ẹ̀ nílé ẹlòmíì rí.

Ọ̀sán ni mo dé. Láti ibi tí mọ́tò já mi sí ni mo ti rí i pé nǹkan yàtọ̀. Ẹni tí mo kí kò dáhùn. Obìnrin kan tó ń sá ẹja gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Mo rò pé ìyá mi ti ròyìn mi fún gbogbo ìlú ni. Inú bí mi, mo sì ń lọ láìwẹ̀yìn. Bí mo ṣe yọ sẹ́nu ọ̀nà ilé wa, gbogbo àwọn àgbà dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnì kan gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Wòlíì fa agogo ọwọ́ rẹ̀ yọ, ó ń mì í, ó ń pàṣẹ pé kí n padà síbi tí mo ti wá, pé àkúdàáyà kò gbọ́dọ̀ wọ ilé ẹni tó bí i. Èmi náà ti yọ ìwé ìròyìn mi dání. Òkú wá jíṣẹ́ ara rẹ̀, ó tún mú póstà lọ́wọ́.

Ìyá mi nìkan ni kò dìde. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ohùn rẹ̀ ò ga. Ìjẹ̀bú wa ló fi sọ ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí ẹ̀yin ṣe máa gbọ́ ọ.

“Ẹ fi sílẹ̀ kó wọlé,” ó ní. “Bó bá tiẹ̀ jẹ́ pé ó ti kú lóòótọ́, ọmọ mi náà ni. Ta ni ẹ fẹ́ kó lọ bá?”

Mo wọlé. Ó fà mí jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nílẹ̀, ó di ọrùn ọwọ́ mi mú. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ló tó wá mọ̀ pé ara mi gbóná bíi ti alààyè. Mo ṣàlàyé, wọ́n gbé póstà náà sí ẹ̀gbẹ́ ìwé tí mo mú wá, àgbà kan tó mọ̀wé kà á sókè, ẹ̀rín bá bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó pẹ́ kí wòlíì tó gbé agogo sílẹ̀. Ìyá mi ò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó lọ dáná.

Nígbà tí olóòtú wa gbọ́, ó fi òfin tuntun kún ti tẹ́lẹ̀: ẹni tó bá wà láàyè gbọ́dọ̀ fi eyín hàn, kí ẹnikẹ́ni má sì kọ ọdún sábẹ́ ojú ẹnikẹ́ni mọ́. Ní ti ìyá mi, kò fẹ́ràn orin mi títí ó fi dágbére fáyé. Mo máa ń kọ ọ́ tí mo bá ń fọ abọ́ nílé rẹ̀. Kò sọ pé ó dùn, kò sì sọ pé kí n dákẹ́.

Lóde òní, póstà òkú náà ti ń rẹ́rìn-ín, ti ọjọ́ ìbí rí bákan náà, ti olóṣèlú náà bẹ́ẹ̀. Mo máa ń wá gíláàsì ojú mi kí n tó mọ̀ bóyá kí n kí wọn kú oríire tàbí kí n bá wọn kẹ́dùn. Kò dùn mí, ayé ń yí ni. Ká ní ìsinsìnyí ló ṣẹlẹ̀, ẹnì kan á kàn pè mí lórí fóònù láti Òrù, màá ní mo wà láàyè, ọ̀rọ̀ á tán. Kò sẹ́ni tí ì bá jókòó nílé ìyá mi. Ṣùgbọ́n èmi náà ì bá darúgbó bí mo ṣe darúgbó yìí láìmọ̀ pé ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún mi, ì báà jẹ́ ààyè mi, ì báà jẹ́ òkú mi.