Kíbọ́ọ̀dù Tí Mo Tà Láì Nu Inú Rẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ ti ń bi mí pé kí ló dé tí mi ò kọ nǹkan kan síbí mọ́. Ojú ló ń tì mí. Bí mo ṣe ń kọ eléyìí gan-an, ojú ṣì ń tì mí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n kúkú fẹnu ara mi sọ ọ́, torí àwọn tó ń sọ ọ́ kiri Òmù-Àrán ti ń bu iyọ̀ lé e.

Àwọn tó mọ̀ mí mọ̀ pé èmi ni mò ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ìjọ wa. Iṣẹ́ tíṣà ni mo fi ń jẹun, kíbọ́ọ̀dù ni mo fi ń gbádùn ayé mi. Mo ní ọ̀kan tí mo ti lò fún ọdún mélòó kan, mo wá fẹ́ gba èyí tó tóbi jù ú lọ. Ìbéèrè tí gbogbo àwa olórin máa ń bi ara wa ló bá dé: ṣé kí n gbé àlòkù yìí lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n bá mi fi ṣe pààrọ̀, kí n fowó díẹ̀ lé e, àbí kí n fúnra mi wá ẹni tó máa rà á?

Ṣọ́ọ̀bù ni mo kọ́kọ́ lọ. Mo gbé kíbọ́ọ̀dù lé itan láti Òmù-Àrán títí dé Ìlọrin, ẹsẹ̀ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán. Alájì tó ni ṣọ́ọ̀bù náà kò kánjú rárá. Ó tẹ gbogbo ojú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, funfun àti dúdú, ó dojú rẹ̀ dé, ó gbé e sétí, ó gbọ̀n ọ́n bí ẹni tó ń ra àgbọn lọ́jà.

Ìgbà tó wá dárúkọ iye tí òun máa kà á sí, mo ní háà! Kò tó ìdajì iye tí mo rà á! Mo bi í pé ṣé ó rò pé mo jí i ni. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n má bínú, pé òun náà máa tún un tà ni. Ó ní òun máa tú u, òun máa fọ eruku inú rẹ̀, òun máa pààrọ̀ rọ́bà abẹ́ àwọn ojú tó ti rọ̀, àti pé ẹni tó bá rà á lọ́wọ́ òun, bó bá bàjẹ́ lọ́la, ọ̀dọ̀ òun ló ń gbé e bọ̀. Paríparí rẹ̀, ó ní òun máa nu inú rẹ̀ pátá, kó dà bí ọjọ́ tó jáde ní ilé iṣẹ́ tó ṣe é.

Mo ní kí ló fẹ́ nù nínú rẹ̀? Ó ní gbogbo ohùn àti orin tí ẹni tó ni ín bá ti gbà sínú rẹ̀. Ó ní àwọn èèyàn máa ń gbàgbé oríṣiríṣi nǹkan sínú ohun èlò orin, pé òun ti gbọ́ ohun tí kò yẹ kí etí òun gbọ́ rí.

Ẹ wo bí Ọlọ́run ṣe kìlọ̀ fún mi, ẹnu Alájì ló gbà! Ṣé mo gbọ́? Mo pòṣé ni. Mo ní èmi ò ní san owó ìnulẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Mo gbé nǹkan mi, mo wọ mọ́tò padà sílé.

Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo gbé e sórí Wásáàpù. Kò pẹ́ tí Bùrọ̀dá Káyọ̀dé fi pè mí, ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ìjọ kan ní Ìsánlú-Ìsin. Ó gun ọ̀kadà wá sílé mi lọ́sàn-án Sátidé. Mo fún un lómi, ó mu. Ó tẹ orin bíi mẹ́ta, ó ní ohùn rẹ̀ dára, a dúnàá-dúrà díẹ̀, ó sanwó. Ó gbé e kọ́ ẹ̀yìn, ó lọ. Iye tí mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ju ti Alájì lọ dáadáa.

Ṣé ẹ rántí ìgbà yẹn? Èmi yìí kan náà ni mo wá síbí tí mò ń fọ́nnu! Mo ní kí ẹnikẹ́ni má gbé ohun èlò rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù mọ́, pé wọ́n kàn fẹ́ rẹ́ yín jẹ ni. Ẹ̀yin náà ń kan sáárá sí mi. Ọgbọ́n àgbọ́njù ní í pa òdù ọ̀yà.

Ẹ dúró ná. Kí n tó lọ síwájú, ó yẹ kí n sọ ẹni tí Màmá Kọ́yà jẹ́ fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n.

Màmá ló ń dá orin ní ìjọ wa láti ìgbà tí wọn ò tíì bí mi. Nígbà tí mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ kíbọ́ọ̀dù, àwọn alàgbà ní iṣẹ́ ọmọbìnrin kọ́, pé kí n lọ dúró láàárín àwọn tó ń gba orin. Màmá ló dìde lọ́jọ́ náà. Ó ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀, pé ọmọ òun ni mí, pé tí mo bá tẹ ìtẹ̀kútẹ̀, òun ni kí wọ́n bá wí. Kì í pè mí ní Fúnmi bí gbogbo ayé ṣe ń pè mí. Àṣàkẹ́ ló máa ń pè mí, oríkì mi. Ìyá tó bí mi gan-an kì í pè mí bẹ́ẹ̀ tó o! Ọ̀rọ̀ Ìgbómìnà tó jinlẹ̀ ni Màmá sì máa ń bá àwa ọmọ rẹ̀ sọ, tó fi jẹ́ pé bí àlejò bá jókòó tì wá, kò ní gbọ́ ju ìdajì lọ.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ ti lọ lórí Màmá. Bó bá fẹ́ gbé orin lọ sókè, ohùn rẹ̀ máa ń gbọ̀n. Síbẹ̀ kì í yé pariwo mọ́ wa níbi ìdánrawò: "Ẹ gbé ohùn sókè! Ẹ ò jẹun ni?" Bó bá wá dé orí "sókè" yẹn, ohùn tirẹ̀ á já.

Lọ́jọ́ kan, mo gba ohùn rẹ̀ sínú kíbọ́ọ̀dù. Bọ́tìnnì onírọ́bà mẹ́rin kan wà lára rẹ̀, èèyàn lè gba ohùn sí i, kí ó máa gbé e jáde nígbàkígbà tó bá tẹ̀ ẹ́. Mo gba "Ẹ gbé ohùn sókè" Màmá síbẹ̀, mo sì jẹ́ kí èyí tó já yẹn máa tún ara rẹ̀ sọ, kè-kè-kè-kè. Mo wá fi ohùn tèmi kún un: "Mẹ̀ẹ̀ẹ̀! Ewúrẹ́ Màmá ti dé o!" Àwa bíi mélòó kan tó kù sẹ́yìn lẹ́yìn ìdánrawò fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rín para wa. Ẹnì kan nínú àwọn tó ń gba ohùn ìsàlẹ̀ wó sílẹ̀, ó di inú mú. A ò kórìíra Màmá o! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́. Eré la fi ṣe.

Mo wá gbàgbé pé ó wà níbẹ̀. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí mo ta kíbọ́ọ̀dù, ìjọ Bùrọ̀dá Káyọ̀dé pe àwọn ẹgbẹ́ akọrin káàkiri agbègbè wa. Àwọn ará Ìgbàjà wá, àwa náà kún inú bọ́ọ̀sì láti Òmù-Àrán. Wọ́n ní Màmá ni kó dá orin tí gbogbo ẹgbẹ́ máa fi bẹ̀rẹ̀ ètò. Ẹ wo iyì! Láti ìgbà tí wọ́n ti sọ fún un ló ti ń lá oyin láràárọ̀ nítorí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Nígbà tí a wọlé, mo rí kíbọ́ọ̀dù mi àtijọ́ níwájú, inú mi dùn. Mo nàka sí i fún ẹni tó jókòó tì mí, mo ní tèmi tẹ́lẹ̀ nìyẹn.

Màmá bọ́ síwájú. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó dá orin. Mo búra fún yín, ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n rárá lọ́jọ́ náà! Ó ń lọ geerege. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dìde lórí ìjókòó. Bùrọ̀dá Káyọ̀dé fẹ́ fi àtẹ́wọ́ kún orin náà, ó na ọwọ́ sí àwọn bọ́tìnnì onírọ́bà yẹn, ó tẹ èyí tí kò tẹ̀ rí.

"Ẹ gbé ohùn sókè, kè, kè, kè, kè..."

Sípíkà tí wọ́n tò síbẹ̀, ìta náà ń gbọ́! Àwọn èèyàn kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé àrà ni akọrin ń dá. Màmá náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó yíjú sí kíbọ́ọ̀dù bí ẹni tó gbọ́ ohùn ojúlùmọ̀. Ìgbà náà ni ohùn tèmi jáde, ketekete: "Mẹ̀ẹ̀ẹ̀! Ewúrẹ́ Màmá ti dé o!" Ẹ̀rín gbogbo wa tí mo gbà pọ̀ mọ́ ọn lọ́jọ́ yẹn sì tẹ̀ lé e.

Kò sì dúró! Káyọ̀dé tẹ eléyìí, ó tẹ tọ̀hún, ewúrẹ́ ń ké lọ. Òógùn bò ó. Ìgbà tó fa wáyà yọ ni gbogbo rẹ̀ tó dákẹ́.

Màmá ò wo Káyọ̀dé. Èmi ló wò. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè. Ó rọra sọ ọ́ kalẹ̀, ó pa ẹnu dé, ó padà lọ jókòó. Ẹnì kan nínú àwọn ará Ìgbàjà ló bá wọn dá orin mìíràn. Ikú yá ju ẹ̀sín, mo ti máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà, ọjọ́ yẹn ló yé mi. Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì.

Nínú bọ́ọ̀sì, àwọn tá a jọ rẹ́rìn-ín ń wo ojú fèrèsé bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Mi ò bá wọn wí. Ohùn ta ló jáde? Ṣé kì í ṣe tèmi ni?

Káyọ̀dé pè mí nírọ̀lẹ́, ó ń bẹ̀ mí, bíi pé òun ló ṣẹ̀! Ó ní báwo lòun ṣe máa pa nǹkan yìí rẹ́. Mo ní kó di bọ́tìnnì méjì mú, kó fi tan án. Kò gbà á ní ìṣẹ́jú kan.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ bẹ Màmá. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ọ̀nà jíjìn ni mo ti kúnlẹ̀, mo bú sẹ́kún. Ó gbójú sókè.

"Ẹ dìde, Sìsítà Fúnmi. Ẹ wá jókòó."

Mo wẹ̀yìn! Mo rò pé ẹnì kan ló tẹ̀ lé mi wọlé. Kò sẹ́nì kankan. Èmi ni Màmá ń pè ní "ẹ". Èmi tó máa ń gbá lórí tí mo bá pẹ́ dé ìdánrawò! Kò pè mí ní Àṣàkẹ́. Kò tiẹ̀ sọ Ìgbómìnà sí mi, Yorùbá tí à ń bá àlejò sọ ló ń bá mi sọ, létòlétò bíi ti orí rédíò.

Mo ní Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bú mi, ẹ gbá mi létí. Ó ní kí lòun fẹ́ bú mi fún? Ṣé mo parọ́ ni? Ó ní òun náà mọ̀ pé ohùn òun ti gbó. Ó tún ṣa ẹ̀wà díẹ̀, ó ju òkúta kan sọnù. Ó wá bi mí pé:

"Ṣé ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń fi mí rẹ́rìn-ín? Tí mo bá ń kọrin, tí mo rí ẹ̀rín lójú yín, mo máa ń rò pé orin náà ló ń dùn mọ́ yín ni."

Mo kàn ń sunkún ni. Màmá dìde, ó bu omi fún mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi bí ẹni ń ṣe àlejò. Ó ní, "Mo ti dárí jì yín, Sìsítà. Ẹ máa lọ sílé, ilẹ̀ ń ṣú."

Màmá ṣì ń wá sí ìjọ o. Ẹ̀yìn ló máa ń jókòó sí báyìí, láàárín àwọn ìyá. Bí a bá ń kọrin, mo máa ń wo ẹnu rẹ̀ láti ìdí kíbọ́ọ̀dù tuntun mi. Kì í ṣí i. Pásítọ̀ bẹ̀ ẹ́, àwọn alàgbà bẹ̀ ẹ́, ó ní ọ̀nà ọ̀fun ló ń dun òun. Bí ìsìn bá parí tí a pàdé lẹ́nu ọ̀nà, á kí mi dáadáa, á béèrè àlàáfíà ilé mi. "Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, Sìsítà." Ó máa ń dùn mí wọnú egungun.

Ẹ̀kọ́ wo ni mo wá rí kọ́? Èyí tó rọrùn ni pé Alájì ò rẹ́ mi jẹ. Iṣẹ́ ló fẹ́ fi owó tó yọ yẹn ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ fúnra rẹ̀ tà á, kó tà á, owó á pọ̀ sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n kó nu inú rẹ̀ kó tó gbé e fún ẹlòmíràn. Kíbọ́ọ̀dù ni o, fóònù ni o.

Èyí tó le ni mi ò tíì mọ bí mo ṣe máa gbé e. Ká ní Alájì ni mo gbé e fún, á ti nu ohùn yẹn dànù, Màmá ò ní gbọ́ ọ láéláé. Á ṣì máa pè mí ní Àṣàkẹ́, èmi náà á sì ṣì máa fi í rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀. Ṣé ìyẹn ló dára jù?

Ẹ̀yin tí irú ìtìjú báyìí ti bá rí, ẹ má fi mí nìkan sílẹ̀, ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀. Àwọn àgbà inú yín ni mo sì fẹ́ bi ní ìbéèrè kan. Àgbà tó bá ń bínú, a mọ bí a ṣe ń bẹ̀ ẹ́. Èyí tó ti dárí jini, tó wá ń pe ọmọ rẹ̀ ní "ẹ" ńkọ́? Báwo la ṣe ń bẹ ìyẹn?