Bí Mojí Ṣe Fa Àlejò Dìde Nídìí Oúnjẹ

Ẹran àgùntàn tí àwọn ará Tọ́kì ń yan lórí èédú ló kọ́kọ́ kí mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó ń ta sánsán débi pé mo gbàgbé òtútù tó ń gé mi lẹ́sẹ̀. Bùnmi ọmọ mi ló ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ó ní láti ìgbà tí mo ti dé Ajax, ìlú òyìnbó tí òun ń gbé, n kò mọ̀ ju ṣọ́ọ̀ṣì àti ọsibítù lọ. Òun àti Tómi ọmọ rẹ̀ ló gbé mi lọ sí gbọ̀ngàn kan ní Downsview, níbi tí wọ́n ti ń fi oúnjẹ àti ijó ìbílẹ̀ Tọ́kì gba àwọn arìnrìn-àjò lálejò. Wọ́n gbé ìrẹsì tí wọ́n fi ewé wé wá, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ewé náà bí ẹni tó ń tú mọ́ínmọ́ín. Àṣé ńṣe ni wọ́n ń jẹ ẹ́ tewétewé! Tómi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ni àwọn oníjó bá jáde, wọ́n fi ọmọ ìka kọ́ ara wọn, wọ́n tò lọ gbọọrọ. Ọmọbìnrin tó ṣaájú ń ju áńkáṣífù funfun, ó ń rẹ́rìn-ín sí àwọn tí ń jẹun, tí wọn kò tilẹ̀ gbójú sókè. Mo mọ ẹ̀rín yẹn. Èmi náà ti rín in rí.

Ẹ̀yin ọmọ, abẹ́ òkè kan ni ìlú wa wà, àwọn òyìnbó a sì máa wá gùn ún. Bí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀, ilé àlejò ìjọba ni wọ́n ti ń jẹun, àwa ọmọ ilé ìwé la sì ń jó fún wọn. Ẹ má bi mí ẹni tó bi wá bóyá a fẹ́. Ọ̀gá ilé ìwé wa ló ń kó wa lọ, ẹni tí a ń pè ní “sà” lójú, tí a ń pè ní Bàbá Pàṣán lẹ́yìn. Àwọn ìyá wa á fi osùn kùn wá lẹ́sẹ̀, a ó wá máa jó lórí koríko, òórùn ẹran díndín á máa kọlù wá nímú, ikùn wa á sì máa dá a lóhùn.

Mojí ọ̀rẹ́ mi ló ń ṣaájú. Háà, ẹ ò rí oníjó rí! Kò mọ ìṣirò, kò mọ ìwé kà dáadáa, kò sí ibi tí wọ́n ti ń yìn ín àfi níbi ijó. Ijó yẹn nìkan ló ní. Ìyá-ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ, ìyá náà sì lófin tirẹ̀: àlejò kì í jókòó wo ijó tán, bí o kò bá fà á dìde kó gbé ẹsẹ̀ díẹ̀, o ò tíì gbà á lálejò.

Ní Sátidé kan, Mojí ṣàdédé dúró láàárín ijó. Ó lọ tààrà bá ìyá òyìnbó arúgbó kan, ó na ọwọ́ sí i. Ìyá náà wo ọwọ́, ó wo fọ́ọ̀kì rẹ̀, ó sì dìde! Ó ń gbẹ́sẹ̀ bí ẹni tó ń tẹ ẹ̀gún, inú rẹ̀ ń dùn. Inú Bàbá Pàṣán kò dùn ní tirẹ̀. “O fọwọ́ kan àlejò ìjọba nídìí oúnjẹ?” Ní Mọ́ńdè, ó na Mojí, ó yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ oníjó, ó sì fi mí rọ́pò rẹ̀.

Mojí kò sunkún nítorí ẹgba. Ijó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ló sunkún sí, inú sì bí mi, ó bí mi gan-an ni. Ìyá mi rí ojú mi, ó ní kí n rọra o, pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó. Mo ní mo ti gbọ́.

Sátidé pé. Mojí ń yọjú lẹ́yìn ọgbà. Mo yà kúrò lójú ijó, mo na ọwọ́ sí òyìnbó tó sanra jù níbẹ̀. Nígbà tí mo máa wẹ̀yìn, gbogbo ẹgbẹ́ wa ti tú ká sáàárín tábìlì, oníkálukú ti di àlejò tirẹ̀ mú! Ta ni Bàbá Pàṣán fẹ́ yọ, ta ni yóò fi rọ́pò? Ó nà wá lóòótọ́. Àmọ́ ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Mojí ló ṣaájú.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ rélùwéè gbé bàbá rẹ̀ lọ sí Òkè Ọya. N kò gbúròó rẹ̀ mọ́ títí dòní, ó sì ń dùn mí.

Ní Downsview, ọmọ Tọ́kì yẹn wọ àárín tábìlì wá, ó na ọwọ́. Ẹni àkọ́kọ́ gbé fóònù, ó ń ya ọwọ́ náà ní fídíò. Ẹnì kejì mi orí. Ó dé ọ̀dọ̀ mi.

“Grandma, your knee,” ni Tómi wí.

“Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ohun tí dókítà sọ,” ni Bùnmi wí.

Mo rántí. Mo fọwọ́ ti tábìlì, mo dìde. Ilé àlejò tiwa ti wó, àwa tí à ń jó fún àlejò ti di àlejò nílẹ̀ onílẹ̀, orúnkún mi kò sì gbọ́ràn sí mi lẹ́nu mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó jó fún ọ, tó na ọwọ́ sí ọ, kò yẹ kó padà lọ lọ́wọ́ òfo. Mo fi ọmọ ìka mi kọ́ ti ọmọ náà, mo na ọwọ́ kejì sí Tómi.

“I don't know how,” ni ó wí.

“Èmi náà ò mọ̀ ọ́n. Dìde.”

Ó dìde.