Awa Meta La Ku

Ilé ìtẹ̀wé kan ní Ọgbà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ mi ni kí n ka ìwé àwọn ọmọ iléèwé kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde, kí n fi bírò pupa mú àṣìṣe inú rẹ̀. Ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí irú iṣẹ́ yìí kì í mọ ìgbà tó yẹ kó panu mọ́. Bí ọwọ́ mi bá ti dilẹ̀, orí fóònù ni mò ń bọ́ sí, lábẹ́ ìròyìn tí àwọn èèyàn ti ń jiyàn, kí n máa tún ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ ṣe. Ẹni tó bá ní omi iyọ̀ ń wo gbogbo àrùn, mà á wá ẹ̀rí lọ bá a. Ẹni tó bá purọ́ mọ́ ìtàn Agége, mà á já irọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Ọkùnrin tí tábìlì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi máa ń pè mí ní Lọ́yà-Tá-Ò-Háyà. N kì í bá a bínú, torí òótọ́ ni, mi ò sì ṣe tán àtijáwọ́.

Nígbà òjò tó kọjá, ìròyìn kan jáde pé wọ́n fẹ́ wó ilé iṣẹ́ aṣọ kan tó ti kógbá wọlé tipẹ́ lápá Agége, nítòsí ojú irin. Mo mọ ibẹ̀ dáadáa, ẹ̀yìn ògiri rẹ̀ ni mò ń gbà lọ síbi iṣẹ́. Kí n tó ka kọ́mẹ́ǹtì mẹ́ta, ọ̀rọ̀ ti di ọ̀rọ̀ òkú. Wọ́n ní iná jó àwọn òṣìṣẹ́ mọ́ inú ibẹ̀ láyé ọjọ́un, wọ́n ní èèyàn máa ń gbọ́ ikọ́ lẹ́yìn ògiri lọ́sàn-án gangan. Inú bí mi. Mo wá àwọn tó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí lọ sí Àgídìngbì, mo lọ tú ìwé ìròyìn àtijọ́ ní ilé ìkàwé. Iná jó lóòótọ́, àmọ́ ọjọ́ Àìkú ni, ibẹ̀ wà ní títì, iná náà ò pa ẹnì kankan. Mo padà wá kọ ọ́ síbẹ̀: Mo ti se iwadii. Ko si eni to ku nibe.

Bó ṣe wà yẹn gan-an ni mo ṣe kọ ọ́, láìsí àmì kankan lórí rẹ̀. Èmi tí mò ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, bí mo bá dé orí fóònù, ìka mi a máa kánjú. Ta ló ń fi àmì sí kọ́mẹ́ǹtì? Ọ̀pọ̀ èèyàn dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, orí mi sì wú.

Lọ́jọ́ kejì, mò ń jẹun ọ̀sán lọ́wọ́ nígbà tí èsì wọlé. Ẹni tó kọ ọ́ ò fi àwòrán ara rẹ̀ síbẹ̀, géètì ilé iṣẹ́ náà ló fi ṣojú. Ó ní: Awa meta la ku. A n gbo ese yin leyin ogiri.

Mo gbé oúnjẹ náà tì. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀ pé mò ń gba ẹ̀yìn ògiri yẹn kọjá. Mo fi ọkàn ara mi balẹ̀ pé ọmọ aláìníṣẹ́ kan ló ń fi mí ṣeré, mo sì tún gbólóhùn mi kọ fún un bó ṣe wà: Ko si eni to ku nibe. Kò pẹ́ tó fi dáhùn: Ki lo de ti e n so pe a ko si?

Bí òkú ṣe di ẹni tá à ń bá jiyàn nìyẹn. Àwọn èrò ń kí i pé ọ̀run rere o. Ní ọjọ́ mìíràn ó kọ ọ́ pé: Okan ninu wa ko le dide mo. E ba wa be won ki won ma wo ile le wa lori. Ẹnì kan bi í pé, òkú wo ló ń dìde tẹ́lẹ̀? Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń gba ọ̀nà tó jìn lọ síbi iṣẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àgbàrá di ọ̀nà náà pa, mo sì padà sẹ́yìn ògiri. Kò sí ẹlòmíì lójú ọ̀nà. Mo dé ìdajì rẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ ọ lódìkejì, ikọ́ gbígbẹ, ikọ́ obìnrin, ó ń dá dúró, ó tún ń bẹ̀rẹ̀. Mo bú sí Sáàmù, mo sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé ìwé ìṣirò àwọn ọmọ kékeré síwájú mi. Ìbéèrè kan wà níbẹ̀: "Bàbá ní adìẹ mẹ́wàá. Ó ta mẹ́rin. Mélòó ló kú?" Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ti ṣi àmì fi. Mo rẹ́rìn-ín, mo fa ìlà pupa sí i, mo kọ kù sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bírò ṣì wà lórí ìwé nígbà tí ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi. Àwa mẹ́ta la kù. Wọn ò sọ pé àwọn kú. Wọ́n ní àwọn ṣì wà níbẹ̀. Èmi ni mo sì ń dá wọn lóhùn lójú gbogbo ayé, tìwádìí-tìwádìí, pé kò sí ẹni tó kù níbẹ̀.

Mi ò tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá. Mo wọ kẹ̀kẹ́. Nígbà tí mo débẹ̀, kátàpílà ti wà lẹ́nu géètì, ó ń kùn. Mo sọ fún ọ̀gá àwọn tó fẹ́ wó ilé náà pé èèyàn wà nínú rẹ̀.

"Mummy, ẹ má worry," ó ní. "A ti check ẹ̀ dáadáa, kò sí anybody níbẹ̀. Ẹ wò ó, ẹnì kan tó ṣe research gan-an ló kọ ọ́."

Ó na fóònù rẹ̀ sí mi. Ọ̀rọ̀ mi ni, àwòrán mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èyí tí mo yà nígbà tí irun mi ṣì dúdú.

"Èmi ni mo kọ ọ́," mo ní. "Kú ni mo fẹ́ wí. Mi ò wí kù."

Ó wò mí bí ẹni tó rí wèrè. Mo kọjá lára rẹ̀, mo gba ibi tí ògiri ti là wọlé, mò ń ké pé ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ dà. Ọ̀gá náà pariwo sẹ́yìn pé kí wọ́n pa kátàpílà. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni bàbá arúgbó kan yọ láti ẹ̀yìn àwọn ẹ̀rọ ìhunṣọ tó ti dípẹtà, ìyá àgbà kan tẹ̀ lé e. Bàbá ni ọlọ́dẹ ibẹ̀. Nígbà tí ilé iṣẹ́ kógbá wọlé, kò sẹ́ni tó wá sọ fún wọn pé iṣẹ́ ti tán, wọ́n sì ń gbé ibẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó wọn àti ìyá àgbà yìí tó jẹ́ àbúrò ìyàwó. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Bàbá lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó fẹ́ wó ibẹ̀, àwọn yẹn ò jẹ́ kí wọ́n wọlé.

Mo kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ ní ẹ̀yin mẹ́ta lẹ kù."

"Àwa mẹ́ta la kù nígbà tí mo kọ ọ́," ni wọ́n wí, láìbínú. "Ìyàwó mi kú ní Àlàádì. Ikọ́ ni. Ẹ̀yìn ibẹ̀ yẹn la sin ín sí."

Àlàádì ni àwọn Mùsùlùmí ń pe ọjọ́ Àìkú. Mo yíjú síbi tí wọ́n nawọ́ sí, mo rí yẹ̀pẹ̀ tuntun tí òjò ti ṣàn lórí rẹ̀. Ikọ́ tí mo sá fún nìyẹn. Ọ̀gá náà ti wọlé tẹ̀ lé mi, ó ṣí akoto lórí, ó ní òun ò lè wó ilé lé alààyè àti òkú lórí, àfi bí àwọn tó rán òun níṣẹ́ bá kọ́kọ́ wá wò ó.

Mo jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, mo sunkún ìtìjú. Lẹ́yìn náà mo mú fóònù mi, mo tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ mi: Ẹnì kan ti kú níbẹ̀. Ẹni méjì ló kù.

Bàbá gba fóònù náà, wọ́n gbé e sún mọ́ ojú. Wọ́n bi mí bí mo ṣe rí àmì fi sórí rẹ̀. Mo ní kí wọ́n fi ìka tẹ lẹ́tà náà, kí wọ́n má tètè gbé ọwọ́, àmì á yọjú. Wọ́n mú fóònù tiwọn jáde, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Àmì yọ. Wọ́n wò ó títí.

"Ṣé kò ju báyìí náà lọ?" ni wọ́n wí.