Bí Mo Ṣe Lọ Gba Abẹ́rẹ́ Ẹ̀yìn ní Lẹ́kí Kí Ọjọ́ Ààlà Tó Pé

A ò tíì ká ẹní ìrun àsùbáà nílẹ̀ tán tí Múìnátù, ọmọ mi obìnrin, ti gbé àpò mi sínú ọkọ̀ Wàídì tí a háyà. Ó ní ká tètè máa lọ. Mo ní kó ṣe sùúrù, àgbà kì í yọ́ jáde nílé bí ẹni tó jí adìẹ. Irọ́ ni mo ń pa. Ohun tí mo ń dúró dè ni kí wọ́n pa iná iwájú ilé Àlàájì Jímọ̀ tó kọjú sí tiwa, nítorí n kò fẹ́ kí ojú rẹ̀ rí ẹsẹ̀ mi.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Láàárín ilẹ̀ ìdílé wa àti ti ìdílé Àlàájì, ní ẹ̀yìn Awóyayà níbí, ìlà pèrègún kan wà tí àwọn bàbá wa gbìn ṣe ààlà. Kí títì ńlá yìí tó dé, kò sẹ́ni tó ń wo pèrègún. Nígbà tí títì dé, tí ilẹ̀ di wúrà, gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ sí í rántí ohun tí a kò mọ̀. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé àwọn ọmọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ mi kì í kí ara wọn mọ́ ní mọ́sáláásí. Níkẹyìn a fọjọ́ sí i: ọjọ́ kẹsàn-án sí ọjọ́ ìrìn mi yìí ni sọ̀féyọ̀, ẹni tó ń wọn ilẹ̀, yóò wá. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwa, ìwé nìkan kọ́ la fi ń mọ ààlà. Àgbà ilé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn ín, kó máa fọwọ́ kan pèrègún, kó máa sọ ẹni tó gbìn ín. A kì í pọ̀n ọ́n, a kì í gbé e sórí ọ̀kadà. Ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti dúró, ibẹ̀ ni ẹ̀rí rẹ̀ tán sí.

Ẹsẹ̀ tèmi sì rèé. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí ìrora kan ti ń gbéra láti ìbàdí mi lápá òsì, tó ń gba ẹ̀yìn itan, tó ń yà sí ẹ̀gbẹ́ ojúgun, tó sì ń sọ̀ sí àtàǹpàkò bí ẹni tó délé. Bí mo bá dúró pẹ́, ó ń ta mí bí iná mànàmáná. Mo ti fi òrí pa á. Mo ti mu àgbo làkúrègbé, ìgò mẹ́rin gbáko. Mo ti gbé hóró òògùn tí dókítà fún mi mì, mo ti ṣe eré ìdárayá tí wọ́n kọ́ mi, èyí tí mo ń ṣe nínú yàrá pẹ̀lú ìlẹ̀kùn títì kí àwọn ọmọ-ọmọ má baà rí mi. Ó rọlẹ̀ díẹ̀, ó tún dìde. Dókítà wá ní ó ku abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn. Bí Àlàájì bá gbọ́ ìyẹn, ààlà ti bọ́ lọ́wọ́ wa nìyẹn.

Iná ilé rẹ̀ kú. Mo rin ìṣísẹ̀ mọ́kànlá láti ẹnu ọ̀nà dé inú ọkọ̀ bí ọba tó ń lọ gba adé, bóyá ojú kan ń yọ láti fèrèsé. Ìgbà tí Wàídì ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ tán ni mo tó fi fìlà dí ara mi lẹ́nu, tí mo ké.

Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ ọ̀nà yìí nígbà iyẹ̀pẹ̀, ẹ ó rántí pé láti Awóyayà dé Àjáh, iṣẹ́ òwúrọ̀ kan odidi ni. Ní báyìí ọ̀dà ni, ó fẹ̀ lọ, ó fẹ̀ bọ̀, a sì ti kọjá Àbíjọ́ kí n tó ka fátíhà mẹ́wàá tán. Àmọ́ kòtò wà níbẹ̀, gegele tí wọ́n fi ń dín eré ọkọ̀ kù náà wà. Ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ dára kò mọ̀ wọ́n. Èmi mọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kódà mo lè sọ wọ́n lórúkọ.

Wàídì ń wò mí nínú dígí. "Bàbá, ṣé làkúrègbé ni?"

"Atẹ́gùn ni."

"Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan wà ní Àdó Road. Ẹ̀yìn èèyàn ló máa ń dúró lé, ó máa fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ báyìí, kàù! Ẹ̀ẹ̀kan péré, Bàbá. Ọkùnrin kan tí wọ́n gbé wá, kò padà wá mọ́."

"Ṣé ara rẹ̀ yá ni kò ṣe padà wá, àbí kí ló dé?"

Wàídì ronú díẹ̀. "A ò bi í, sà."

Múìnátù ní kó máa wo iwájú.

Ní Sangotẹ́dó, obìnrin kan ń din àkàrà lábẹ́ agboòrùn, márùn-ún ní igba náírà, òórùn rẹ̀ sì wọ inú ọkọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ti ní n kò gbọdọ̀ jẹun kí wọ́n tó gún mi. Lọ́dọ̀ tiwa, bí wọ́n bá ń gbé aláìsàn lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn, wọ́n á kọ́kọ́ fún un ní ẹ̀kọ gbígbóná mu. A kì í fi ebi kún àìsàn. Àwọn ará Lẹ́kí ń fi kún un. Wàídì ra ti irinwó náírà, ó ń jẹ ẹ́ lójú mi bí ẹni tí kò bẹ̀rù Ọlọ́run.

A gun afárá Àjáh, òòrùn yọ sí wa lẹ́yìn, a kọjá Ìkọ̀tà, a sì yà sí àdúgbò kan tí gbogbo ilé ibẹ̀ ní géètì tó ga ju ilé lọ. Ilé ìwòsàn náà tutù bí inú kànga. Nílé wa, àlejò a máa bọ́ bàtà kó tó wọlé. Níbí, ọ̀rá ni wọ́n fi wọ bàtà fún mi, èmi àti bàtà mi a jọ wọlé. Iye tí a san, ó tó ra búlọ́ọ̀kù tí èèyàn yóò fi kọ́ yàrá kan dé ojú fèrèsé. N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ìyá Múìnátù má baà kà á níbí.

Nọ́ọ̀sì gba aṣọ mi, ó fún mi ní ẹ̀wù kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ là láti òkè délẹ̀. Ó ní kí n jókòó sórí ibùsùn kan, ó fa kọ́tìnì yí mi ká. Ibẹ̀ ni mo wà, tí mò ń fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀wù náà mú, nígbà tí ẹnì kan wúkọ́ ní òdìkejì kọ́tìnì. Húù, húù, húù. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, kúkúrú, bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn. Ogójì ọdún ni mo ti ń gbọ́ ikọ́ yẹn ní òdìkejì títì.

"Àlàájì?"

"Bàbá Múìnátù? Kí lẹ wá ṣe níbí?"

"Ọmọ mi ni mo sìn wá. Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Èmi náà wá kí èèyàn kan ni."

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ bá mi kí i."

"Yóò gbọ́."

Kí n tó rí ọ̀nà sá, dókítà wọlé, obìnrin kékeré kan tó lè jẹ́ àbígbẹ̀yìn mi. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó kí mi, ó ṣí fáìlì. "Bàbá, báwo ni ẹsẹ̀ yẹn?"

Mo gbé ohùn sókè kí ó lè kọjá kọ́tìnì. "Ara le! A dúpẹ́! Kokooko bí ọta!"

"Ìrora yẹn ńkọ́? Tí a bá kà á dé mẹ́wàá, mélòó ni?"

"Mẹ́wàá kẹ̀? Kò tó ọ̀kan."

Ó wò mí, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó kọjá sí òdìkejì. Mo gbọ́ tó béèrè ohun kan náà.

"Tèmi? Òdo ni!" Àlàájì ló ń pariwo báyìí. "Mo lè sáré dé Ẹ̀pẹ́."

"Èmi lè sáré débẹ̀ kí n sì sáré bọ̀!" Ẹnu mi ló sọ ọ́, n kò rán an.

"Ní ẹsẹ̀ kan!" ni Àlàájì fi dáhùn.

Dókítà dúró sí àárín wa, ó pa fáìlì méjèèjì dé. "Ó dáa. Inú mi dùn gan-an. Abẹ́rẹ́ yìí, ẹni tí òògùn àti eré ìdárayá kò bá ràn lọ́wọ́ la máa ń fún. A kì í gún ẹni tí ara rẹ̀ le. Nọ́ọ̀sì, ẹ fún àwọn bàbá láṣọ wọn, kí wọ́n máa lọ sílé."

Ẹ wo bí ayé ṣe rí. Bí mo bá dákẹ́, màá padà sílé láìgba abẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ mi á dákú níwájú pèrègún kìíní. Bí mo bá sọ̀rọ̀, Àlàájì á gbọ́, kò tilẹ̀ ní í dúró de ọjọ́ ààlà. Múìnátù, tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, la ẹnu, mo ṣẹ́jú sí i, ó tún pa á dé.

"Ṣùgbọ́n kí n tó fọwọ́ sí i," ni dókítà wí, "ẹ sùn gbalaja, ẹ jẹ́ kí n gbé ẹsẹ̀ yìí wò lẹ́ẹ̀kan."

Ó di gìgísẹ̀ mi mú, ó gbé ẹsẹ̀ náà sókè ní nínà. Kò tíì ga tó àpótí ìjókòó tí mo fi gbàgbé pé mo jẹ́ olórí ẹbí.

"Yéè! Ìyá mi ò! Ẹ tú mi sílẹ̀!"

Ẹ̀rín ńlá bú jáde lẹ́yìn kọ́tìnì. "Kò tó ọ̀kan, àbí? Bàbá Múìnátù, kò tó ọ̀kan!"

Dókítà kò bá a rẹ́rìn-ín. Ó fa kọ́tìnì sí ẹ̀gbẹ́, ó bọ́ sọ́dọ̀ Àlàájì. Ẹ̀rín náà dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ igbe kan tí mo gbà pé wọ́n gbọ́ ní Awóyayà. "Lá ìláhà ìlàláhù! Dókítà, kí ni mo fi ṣẹ̀ yín?" Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín náà fi dé ìbàdí mi, ó wá di ẹkún.

Báyìí ni a ṣe rí ara wa, àgbà méjì nínú ẹ̀wù ẹ̀yìn-là, tí a kò lè wo ojú ara wa.

Dókítà gbé àwòrán inú ẹ̀yìn mi sójú iná. Ó ní láàárín eegun ẹ̀yìn kan sí èkejì, Ọlọ́run fi tìmùtìmù kékeré sí i kí eegun má baà máa lọ ara wọn. Èyí tèmi ti yọ jáde, ó sì lọ jókòó lé ojú ọ̀nà iṣan tó ń lọ sí ẹsẹ̀.

"Ó kọjá ààlà," ni mo wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ẹ lé e padà."

"Abẹ́rẹ́ yìí kò lè lé e padà, Bàbá. Ohun tó wú yí iṣan ká ló máa fà sílẹ̀. Sitẹ́rọ́ìdì lorúkọ rẹ̀."

Àlàájì gbé orí sókè. "Ṣé òun kọ́ ni wọ́n fi ń mú adìẹ sanra?"

"Òun kọ́, sà. Ẹ ò ní sanra níbi kankan." Ó wá sọ ọ́ fún wa láìfi bò: abẹ́rẹ́ náà a máa ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́, kì í ran gbogbo èèyàn. Ó lè tó ọjọ́ mélòó kan, tàbí ọ̀sẹ̀ kan, kí ara tó mọ̀ ọ́n. Bí ara bá tù wá, kì í ṣe títí ayé, ìgbà náà ni ká fi ṣe eré ìdárayá kí ẹ̀yìn lè lágbára. Àlàájì tó ní ìtọ̀ ṣúgà, ṣúgà rẹ̀ lè ga fún ọjọ́ díẹ̀, kó máa yẹ̀ ẹ́ wò. Àti pé bí ìtọ̀ bá há tàbí tó ń dà láìròtẹ́lẹ̀, tí abẹ́ bá kú bí igi, tàbí tí ẹsẹ̀ kò bá gbéra mọ́, ká má dúró de ọ̀la, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Mo sọ ọ́ síbí nítorí àwọn tí ẹ ń fi àgbo bò ó mọ́lẹ̀.

Gígún náà kò le tó ẹ̀rù rẹ̀. Wọ́n dà mí dojúbolẹ̀, wọ́n fi ìrọ̀rí sábẹ́ ikùn mi, wọ́n fi nǹkan tútù nu ẹ̀yìn mi. Abẹ́rẹ́ apàmọ̀lára kọ́kọ́ ta mí bí agbọ́n. Lẹ́yìn náà ẹ̀rọ ń ya àwòrán, dókítà ń wo ọ̀nà, mo sì mọ̀ ọ́n lára bí ohun kan ṣe tẹ̀ mí láti ìbàdí dé ẹsẹ̀, ojú ọ̀nà ìrora mi gan-an. Kò pẹ́ tó jíjẹ àwo iṣu kan.

Lẹ́yìn tí wọ́n gún Àlàájì náà, wọ́n tẹ́ wa sí yàrá kan náà pé ká sinmi. Múìnátù wá omi àti bísíkíìtì lọ. Àlàájì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ sí àjà.

"Pèrègún kìíní, ẹ̀gbẹ́ kànga."

"Kànga tí bàbá mi gbẹ́."

"Tí bàbá mi bá a fa omi rẹ̀. Ìkejì?"

Báyìí la ṣe ń kà á, lórí ìdùbúlẹ̀. Ní ìkẹta a jà díẹ̀. Ní ìkarùn-ún ó gbà fún mi, ní ìkẹfà mo gbà fún un. Ìkeje, ìdí ọ̀pẹ tí àrá sán pa.

"Ìkẹjọ?" ni mo bi í.

Ó wúkọ́. "Ẹ̀yin kọ́kọ́ sọ ọ́."

"Àlàájì, mi ò mọ̀ ọ́n."

"Alhamdulillahi. Èmi náà ò mọ̀ ọ́n! Láti kékeré ni mi ò ti débẹ̀, ẹrẹ̀ wà níbẹ̀."

Àwa méjèèjì yìí ti dúró níwájú ìpàdé ẹbí, tí a ní a mọ pèrègún náà bí ẹni mọ ojú ara rẹ̀. Àwọn ọmọ wa sì ti fẹ́ torí rẹ̀ yọ ojú ara wọn. A bá gbà á láàárín ara wa pé a jọ máa rin ààlà náà lọ́jọ́ tí a dá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa, dé ìkeje. Láti ibẹ̀ dé etí ẹrẹ̀, kí sọ̀féyọ̀ fa okùn rẹ̀ gbọọrọ, kò sẹ́ni tó máa fẹ̀sùn kan ẹnì kejì.

Mọtò tó gbé Àlàájì wá ti lọ, nítorí náà a jọ wọ ti Wàídì. Ó wo ọ̀kan, ó wo èkejì, ó ya ẹnu, Múìnátù tún ní kó máa wo iwájú. Òògùn apàmọ̀lára ti mú ẹsẹ̀ mi kú tipiri, n kò mọ kòtò kankan mọ́ lójú ọ̀nà. Àkàrà Sangotẹ́dó ti tán, a ra búrẹ́dì àti ẹ̀wà, Àlàájì fi èyí tó pọ̀ jù sí ọ̀dọ̀ mi nítorí ṣúgà rẹ̀. Ohun tí mo rí kọ́ nínú ìrìn yìí, ibẹ̀ ló ti yé mi: ìrora tí èèyàn bá ń fi pamọ́ fún ọ̀tá, ọ̀tá náà lè máa fi irú rẹ̀ pamọ́ fún un. A ti fi oṣù mẹ́ta yan bí ọba níwájú ara wa lásán.

Nígbà tí a dé Awóyayà, àwọn ọmọ rẹ̀ jókòó síwájú ilé wọn, tèmi síwájú tiwa. Ẹsẹ̀ òsì mi kò gbéra dáadáa, ọ̀tún tirẹ̀ náà kò gbéra, nítorí náà a di ara wa mú sọ̀kalẹ̀. Àkọ́bí rẹ̀ ló dìde. "Bàbá, kí ni wọ́n fi yín ṣe?"

"Wá gba àpò Bàbá Múìnátù," ni Àlàájì dá a lóhùn. "Lẹ́yìn náà, kó gbogbo yín wá, tiwọn àti tiwa, a ní ọ̀rọ̀ láti sọ fún yín."

Ìrora náà padà wá ní ọ̀la rẹ̀ nígbà tí òògùn apàmọ̀lára tán lára, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn ní ọjọ́ karùn-ún, bí dókítà ti wí. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, a rin ààlà dé ìkeje, sọ̀féyọ̀ sì fa okùn rẹ̀ láti ibẹ̀ dé etí ẹrẹ̀. Ẹsẹ̀ mi kò ráhùn títí dé pèrègún kẹfà. Ti Àlàájì ti ráhùn ní ìkẹrin, ó di èjìká mi mú, ó sì bẹ̀ mí lábẹ́lẹ̀ pé kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni ní Awóyayà. N kò sì tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, àfi ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí.