Ọjọ́ Tí Linard Sọ̀ Kalẹ̀ Lẹ́nu Ọ̀nà Bàbá Rẹ̀

Linard Tschuor kì í ṣe ẹni tí àwọn oníwèé ìròyìn ń wá kiri. Gbogbo ọdún tó fi gun kẹ̀kẹ́ jẹun, iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ló ń ṣe láàárín àwọn eléré-ìje. Òun ló ń fà sẹ́yìn lọ gba ike omi nínú ọkọ̀ ẹgbẹ́ wọn, tó ń kì í bọ inú aṣọ títí ẹ̀yìn rẹ̀ á fi wú, tó tún ń sáré lé àwọn yòókù bá kó lè pín in fún wọn. Bí afẹ́fẹ́ bá ń jà, òun ló ń fi àyà gbà á kí ọ̀gá wọn lè sá pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Tí wọ́n bá wá dé òkè tí wọ́n fi ń mọ alágbára, iṣẹ́ tirẹ̀ ti parí. Á máa rọra bọ̀ lẹ́yìn, kó ṣáà ti dé kí àsìkò tí wọ́n dá fún wọn tó pé.

Abúlé Pardatsch ní àfonífojì Lumnezia ni wọ́n ti bí i, nínú ilé onípákó tí ilé màlúù wà lábẹ́ rẹ̀. Giachen, bàbá rẹ̀, fẹ́ kó jókòó ti màlúù. Nígbà tó ní kẹ̀kẹ́ lòun máa gùn, bàbá kò bá a jà. Ó kàn ní ẹni tó bá fẹ́ kó máa rẹ òun lójoojúmọ́, ṣebí ó lè máa rẹ ẹ́ nílé ara rẹ̀.

Ó sì rẹ̀ ẹ́ lóòótọ́. Egungun èjìká rẹ̀ kán ní Belgium, wọ́n tò ó. Ó tún kán ní Spain, wọ́n fi irin dì í. Aita, ìyàwó rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé ní Chur, máa ń sọ pé tó bá sùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa gbọ̀n bíi ti ajá tó ń lá àlá. Nígbà tó yá, àárẹ̀ náà kì í lọ mọ́ bó ti wù kó sùn tó. Ó ń bá a jí, ó ń bá a jókòó sídìí oúnjẹ.

Ọdún yẹn ni wọ́n mú ìdíje tó yí ilẹ̀ Switzerland ká gba àfonífojì wọn, nínú oṣù kẹfà. Àwọn agunkẹ̀kẹ́ ní àṣà kan: tí eré bá ń gba ìlú ẹnì kan kọjá, wọ́n á jẹ́ kó ṣáájú díẹ̀, kó lọ dì mọ́ àwọn èèyàn rẹ̀ kí wọ́n tó lé e bá. Àwọn ará Pardatsch ti fi ọ̀dà funfun kọ orúkọ Linard sójú títì, wọ́n sì ti gbé àga jáde.

Ó kù díẹ̀ kí wọ́n dé abúlé ni táyà Joris fọ́. Joris yìí, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Belgium, ni ọ̀gá tí gbogbo ẹgbẹ́ wọn ń sìn. Ohùn olùdarí wọn wọ Linard létí láti inú ẹ̀rọ kékeré tó kì sí i: kó fún Joris ní kẹ̀kẹ́ tirẹ̀, kó sì dúró de ọkọ̀. Linard sọ̀ kalẹ̀, ó fún un. Joris kò wo ojú rẹ̀ kó tó gùn ún lọ. Ọkọ̀ ẹgbẹ́ há sẹ́yìn àwọn ọkọ̀ mìíràn lójú ọ̀nà tóóró, ìgbà tí wọ́n sì fi gbé kẹ̀kẹ́ mìíràn fún un, eré ti kọjá pátápátá.

Bó ṣe wọ abúlé rẹ̀ nìyẹn, òun nìkan. Àwọn èèyàn ti ń ká àga. Wọn ò rí i nígbà tí àwọn yòókù kọjá, wọ́n rò pé ó ti fi eré sílẹ̀. Obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, ó wo ọ̀tún wo òsì, ó dáwọ́ dúró.

Giachen kò sí níbẹ̀. Ó wà nínú pápá rẹ̀ lókè ilé, ó ń fi réèkì kó koríko tó ti gbẹ jọ, torí òjò ti ṣú. Linard rí ẹ̀yìn rẹ̀ tó ti tẹ̀. Ó sọ fún Aita lẹ́yìn náà pé òun kò pinnu ohunkóhun, ẹsẹ̀ òun ló dáwọ́ dúró. Ó fi kẹ̀kẹ́ ti ọgbà, ó jókòó sórí àga gbọọrọ ẹnu ọ̀nà bàbá rẹ̀. Nígbà tí ohùn olùdarí kò dákẹ́, ó yọ ẹ̀rọ náà létí, ó sì fi sápò.

Kò pẹ́ tí ọkọ̀ tó ń ṣa àwọn tí wọn ò lè bá eré lọ mọ́ fi dé. Awakọ̀ rẹ̀, àgbàlagbà kan tó ti gun kẹ̀kẹ́ rí, yọjú síta.

"Tschuor, ṣé o ṣèṣe ni?"

"Rárá, ẹ̀gbọ́n."

"Àbí kẹ̀kẹ́ ló bàjẹ́?"

"Kẹ̀kẹ́ ò ṣe nǹkan kan. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé mo ti délé."

Ọkùnrin náà wò ó, ó wo ilé náà. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó rọra yọ nọ́ńbà ẹ̀yìn aṣọ Linard bí òfin wọn ṣe wí fún ẹni tó bá fi eré sílẹ̀, ó fọwọ́ kàn án léjìká, ó sì wakọ̀ lọ.

Giachen sọ̀ kalẹ̀ wá mu omi, ó bá ọmọ rẹ̀ níbẹ̀.

"Ṣé wọ́n lé ẹ ni?"

"Wọn ò lé mi, Bàbá. Ó rẹ̀ mí ni."

"Ó rẹ èmi náà. Bàtà mi àtijọ́ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Èyí tó o wọ̀ yẹn ò ṣe é rìn nínú koríko."

"Ẹ jẹ́ kí n jókòó díẹ̀ ná."

"Jókòó. Òjò ni kò ní jókòó dè ẹ́."

Aṣọ eré ìje ni Linard wọ̀ kó koríko. Aládùúgbò kan kígbe látojú ọ̀nà pé alágbàṣe tuntun Giachen mà múra o. Giachen ní kó wo ọwọ́ ọmọ náà, kó má wo ṣòkòtò rẹ̀. Òjò dé kí wọ́n tó parí, díẹ̀ nínú koríko náà sì bàjẹ́. Wọ́n jẹ ọbẹ̀ ọkà báálì. Aita pè é lórí fóònù, ó bi í bóyá yóò padà sídìí eré. Linard ní òun kò rò bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́ tí Aita ń sunkún, kò mọ̀ bóyá ti ayọ̀ ni tàbí ti ìbẹ̀rù, ó sì ti rẹ̀ ẹ́ ju kó bi í lọ.

Ẹgbẹ́ náà dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ìwé ìròyìn kan kọ ọ́ pé ó já ọ̀gá rẹ̀ jù sílẹ̀. Ó ti rò pé ìsinmi máa dùn, ṣùgbọ́n ìgbà òtútù àkọ́kọ́ yẹn burú: kò rí oorun sùn, ó ń bá Aita jà lórí nǹkan tí kò tó nǹkan, ó ń jókòó lójú fèrèsé títí ilẹ̀ á fi ṣú. Nígbà tí yìnyín yọ́, ó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa bọ́ọ̀sì aláwọ̀ ìyeyè tó ń gun àfonífojì lọ sí Vrin. Iṣẹ́ tó ń ṣe dòní nìyẹn.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn agunkẹ̀kẹ́ máa ń dí i lọ́nà lórí òkè. Kì í fun fèrè. Á máa tẹ̀ lé wọn jẹ́jẹ́. Tí èrò bá ń kùn lẹ́yìn pé àwọn máa pẹ́, á wò wọ́n nínú dígí.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n gùn ún," á wí. "Ẹ̀yin ṣáà jókòó."